Ilé Àwọn Àgbà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Sùn Sí

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 11,
Lue Tue,
Àríwá Kánádà.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Bùrọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ooru Ìlá o. Èmi tí mo wà nínú òtútù ni mo ń kí yín bẹ́ẹ̀, ẹ má rò pé ìlara ni. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá Bùkọ́lá ńkọ́, ṣé ọjà ń tà? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Èmi àti Gabriel wà dáadáa, àwọn ọmọ náà ń dàgbà. Gabriel pa karibú méjì, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ìṣe wọn níhìn-ín, ó pín ẹran náà yí àdúgbò ká tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọrùn àti egungun ló kù fún èmi tí mo fẹ́ ẹ.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí Leona Codzi, aṣòfin wa tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ń ṣe gan-an, tàbí ó kàn ń jókòó gba owó oṣù ni, bíi ti àwọn kan tí ẹ dárúkọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó ní ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yóò yé yín ju bó ṣe yé èmi gan-an lọ.

Bí àgbàlagbà bá di ẹni tí kò lè dá gbé mọ́ lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní olú-ìlú. Wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn, ẹran adìẹ bíbọ̀ ni wọ́n sì ń fún wọn jẹ. Antoine, ẹ̀gbọ́n Bàbá Alphonse, bàbá arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá ọkọ mi, lọ síbẹ̀. Inú pósí ló wà nígbà tí ọkọ̀ gbé e padà. Ìdí nìyẹn tí Leona fi ṣèlérí nígbà ìbò pé òun yóò gba owó láti ṣí ilé àwọn àgbà síhìn-ín.

Ìjọba kọ́kọ́ rán àwọn èèyàn wá láti máa bi àwọn àgbà lójúlé-dójúlé bóyá wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Ìbéèrè wo nìyẹn! Bàbá Alphonse, tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì débi pé orí tábìlì ló ń da tíì sí, ní kí wọ́n tètè ṣe é, òun fẹ́ lọ wo pańpẹ́ òun nínú igbó. Rosalie, ìyá ọkọ mi, ní òun ṣì ń la igi òun fúnra òun. Ẹ̀yìn sì ń dùn ún débi pé Gabriel ló ń la igi náà. Ẹni tí ó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ sọ àìlera wọn létí àlejò, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ti ẹnìkejì lójú rẹ̀. Èèwọ̀ gbáà ni. Mínísítà ìlera bá mú èsì yẹn lọ sí ilé aṣòfin, ó ní ara gbogbo àgbà Lue Tue le.

Ẹ má bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni Leona wà, torí kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú nílé aṣòfin wa. Àwọn mínísítà wà lọ́tọ̀, àwọn aṣòfin yòókù wà lọ́tọ̀, àwọn yòókù yìí ló sì pọ̀ jù. Leona kó ẹja gbígbẹ dání, ó ń lọ bá àwọn tó wá láti ìlú kéékèèké bíi tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi fẹnu kò pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún náà bí kò bá sí ilé àgbà nínú rẹ̀. Mínísítà gbà tìkanratìkanra. Ó ní kí wọ́n tún ilé tíṣà tó ṣófo ṣe, kí wọ́n gba obìnrin méjì síṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ọdún ìṣúná tó parí lópin oṣù Kẹta, òṣìṣẹ́ kan yóò wá wò ó. Bí kò bá rí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ìlú mìíràn ni owó náà ń lọ. Ẹ kúkú mọ bí owó ìjọba ṣe máa ń hu ẹsẹ̀ lópin ọdún.

A ṣí ilé náà nígbà tí adágún bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Àwọn àgbà ń wá lójoojúmọ́, wọ́n ń mu ọbẹ̀, wọ́n ń ta káàdì, wọ́n ń bú ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, kálukú a wọ kóòtù rẹ̀, ó di ilé.

Bí mo bá ní kí Bàbá Alphonse sùn, á ní, "Rosalie ni kí ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún. Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tó yó?"

Ìyá ọkọ mi náà á ní, "Èmi kẹ̀? Ìwọ tó o kí ajá mi lánàá, tó o bi í pé ìyàwó ẹ̀ ńkọ́!"

Nínú oṣù Kejì, Bàbá Alphonse ṣubú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú yìnyín. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́: bí kì í bá ṣe ilé àgbà, olú-ìlú ni. Ó ní òun á rò ó. Ó ń rò ó náà ni Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí fi dé, tí Leona àti òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Trevor, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Trevor béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, Leona ń túmọ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun wá wo Alphonse ni. Alphonse ní òun wá bá àwọn ìyá arúgbó wọ̀nyí ṣeré ni, àánú wọn ń ṣe òun. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní ọbẹ̀ ló gbé òun wá. Inú bí mi, Bùrọ̀dá, inú bí mi gan-an. Mo fẹ́ la ẹnu, ìyá ọkọ mi kàn wò mí, mo pa á dé.

Trevor rọra sọ fún Leona pé òun kò lè kọ ohun tí òun kò rí, pé ohun tí ó sọ nílé aṣòfin yàtọ̀ sí èyí. Bàbá Alphonse bi Leona pé, "Kí ló wí?"

"Ó ní irọ́ ni mo pa, Bàbá. Mo sọ níwájú gbogbo ilé pé ẹ nílò ìtọ́jú. Ẹ̀yin sì ní ara yín le."

Bàbá Alphonse da káàdì ọwọ́ rẹ̀ délẹ̀.

"Wọn ò ní pe ọmọ wa ní òpùrọ́. Sọ fún un kó kọ orúkọ mi. Mi ò ríran mọ́. Ẹ̀rù iná ń bà mí, mi ò kì í dá a. Bí ẹja bá ṣe dì náà ni mo ń jẹ ẹ́."

Trevor bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti ìgbà tí Cécile ti kú."

Cécile ni ìyàwó rẹ̀. Kí n tó bí àbíkẹ́yìn mi, tó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ni a ti sin ín. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Alphonse! Ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ ni mò ń gbé! Àràárọ̀ ni mò ń bi ọ́ pé báwo ni!"

"Mo sì ń dá ọ lóhùn."

Ìyá ọkọ mi wò ó títí, ó wá kọjú sí Trevor. "Kọ tèmi náà. Rosalie Orlias. Ẹ̀yìn mi ò dáa." Gabriel tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bojú wolẹ̀. Leona ń túmọ̀, ó ń sunkún, kò sì nu ojú.

Àwọn mẹ́rin ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Owó náà dúró, wọ́n sì ti fi sínú ètò ìṣúná tuntun. Bàbá Alphonse ń ráhùn pé ooru ilé náà ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ tí Leona ń ṣe nìyẹn, Bùrọ̀dá.

Ẹ bá mi kí Ìyá Bùkọ́lá, àwọn ọmọ, àti gbogbo ará ilé Bàbá wa. Gabriel ní kí n kí yín, ó tilẹ̀ fẹ́ fi ẹran ránṣẹ́, mo ní yóò jẹrà lọ́nà. Bí ẹ bá lọ kí Ìyá wa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n pé ṣé ara le. Ẹ ṣí ìkòkò wọn wò.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbàgbé yín,

Ìbíwùmí Orlias.