Gráfíìnì Inú Afárá Odò Àlápà

Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025

A da àwọn ọmọ lónìí. Méjìlá. Ọmọ kọnkéré ni o, olójú mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó búrẹ́dì kékeré. Mẹ́fà ní gráfíìnì nínú, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn. Mẹ́fà tó kù, síméǹtì, yanrìn àti òkúta lásán, wọn ò lámì kankan. Tó bá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, a óò kó gbogbo wọn sẹ́nu ẹ̀rọ láàbù, ẹ̀rọ á fọ́ wọn, a óò wá mọ èyí tó lágbára jù.

Dókítà Olúwatìmílẹ́yìn tún ṣàlàyé fún mi. (Tínrín ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Òun àti ohun tó ń wá kiri, ọ̀kan ò sanra ju èkejì.) Ó ní ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, ìpele lórí ìpele ni, bí àlùbọ́sà. Bó o bá bó o títí tó fi ku ìpele kan ṣoṣo tí kò ṣeé bó mọ́, gráfíìnì nìyẹn. Ó le ju irin lọ. Mo ní ṣé ẹ ti rí i rí? Ó ní ojú lásán ò lè rí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, ohun tí a ò rí la gbà gbọ́ jù.

Ó ti lé lógún ọdún táwọn òyìnbó ti fi sẹ́lótéèpù bó o lára pẹ́ńsùlù tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn ńlá lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, wọ́n ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọlé wa. Èèpo pákí ni Tínrín fi ń ṣe tirẹ̀. Á sun ún di èédú, á kó iná jẹnẹrétọ̀ jọ sínú àpótí kan, á wá tú gbogbo rẹ̀ sórí èédú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo — gbàù! Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ọdún méje ló ti wà lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ Òmù-Àrán ò fẹ́ràn rẹ̀, ó ti gba èèpo mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kejì

Mò ń lọ sí Ìjàrà-Ìsin. Ìsìnkú àbúrò ìyá mi. Gbogbo ará Èkó ti wọlé.

Kọnkéré gbọ́dọ̀ máa rí omi lójoojúmọ́, pàápàá nínú ọyẹ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù. Táǹkì tí à ń rì wọ́n sí ti sán láti èṣí, kò sẹ́ni tó tún un ṣe, nítorí náà àpò ìdọ̀họ la fi ń bò wọ́n, a sì ń rin ín lómi. Mo fà á lé Jàrátù lọ́wọ́, òun ló ń gbálẹ̀ láàbù wa. Mo ní omi fún àwọn ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ o. Ó ní kí n má mikàn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Mo dé. Ẹsẹ̀ mi wú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó ti ìsìnkú yẹn, àfi bí ẹni pé olóògbé lè yí ọkàn padà.

Ìwé tí à ń máàkì bí a bá ti fomi wọ́n àwọn ọmọ — òfìfo láti ọjọ́ tí mo lọ. Jàrátù ò mọ̀ pé wọ́n ń máàkì nǹkan. Mo máàkì ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pa pọ̀. Mo tiẹ̀ fi báírò méjì ṣe é, kó lè jọ òótọ́. Ta ni kì í ṣe é?

Ẹtì, 21 Oṣù Kejì

Alága Èkó wá sí láàbù. Olóyè Ògúntúndé ni, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Èkó. Agbádá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

Afárá odò Àlápà tó wà lọ́nà oko ti wó látìgbà òjò èṣí. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba orí pátákó méjì kọjá. Ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ ọ tuntun, Alága sì fẹ́ kí gráfíìnì wà nínú ẹ̀. Ó ní afárá tí kò ní gráfíìnì, ta ni yóò bá a ya fọ́tò? Tínrín rọra sọ fún un pé kó má kánjú, pé lókè òkun pàápàá, wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n ń tà bíi gráfíìnì wò, wọ́n rí i pé pẹ́ńsùlù lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Alága ní tiwa ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tiwa, inú pákí ló ti wá.

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

A fọ́ wọn.

Àwọn tí kò lámì, ẹ̀rọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ tí wọ́n fi là. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ̀rọ kà fún agbára wọn. Àwọn onípupa dúró, dúró, dúró — mẹ́tàlélógún! Tínrín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù, ó ń sunkún. Mo bá a sun ún. Mo fọwọ́ sí ìwé èsì.

Kó tó di ọ̀sán ó ti wà lórí Wásáàpù ẹgbẹ́. Nírọ̀lẹ́, Alága ti dé orí rédíò: ẹni tó bá ní gráfíìnì, àpò síméǹtì méjì ló máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta fún un.

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Pásítọ̀ pè mí dìde ní ìpàdé àdúrà. “Arábìnrin Kàrólíìnì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa.” Mo dìde. Mo tún gèlè ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Jàrátù bá mi níbi tí mo ti ń fọ ife. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Ó ní Àǹtí Kàrólíìnì, tí wọ́n bá ń pín ọpẹ́, kí Dókítà má gbàgbé òun o, wàlláhì, òun lòun tọ́ àwọn ọmọ yẹn dàgbà. Ó ní omi ẹ̀rọ ò yọ nígbà tí mo lọ, mẹ́rúwà tó ń ta omi ò sì wá dáadáa, kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ló ń rí rà lójúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onípupa ò pàdánù omi rí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Mo ní àwọn tó kù ńkọ́?

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ìbéèrè òmùgọ̀. “Àwọn yẹn? Síméǹtì lásán kọ́ ni? Ṣé ká máa bu omi sí i la fẹ́ ni, àbí kó gbẹ?”

Mo lọ wá ìwé tí mo máàkì.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Ẹ̀rù ń bà mí, mo kọ ọ́ síbí nítorí kò síbòmíràn tí mo lè sọ ọ́. Ẹni tó mumi yó la fi wé ẹni tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, a wá ní gráfíìnì ló fún un lágbára. Tí wọ́n bá yọ àpò kan nínú mẹ́ta lára afárá yẹn, omi odò Àlápà ò ní béèrè ìwé èsì lọ́wọ́ wọn.

Tí mo bá sọ, wọ́n á bi mí nípa ìwé tí mo máàkì. Oṣù mẹ́rìnlá ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Ananíà àti Sáfírà, àwọn tó kú nítorí irọ́, ni Pásítọ̀ wàásù lé lórí. Mo rò pé ẹnì kan ti sọ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Tínrín. Gbogbo rẹ̀, títí kan báírò méjì. Ohun kan ló bi mí: ọjọ́ mélòó? Mo ní mẹ́sàn-án. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn móòdù tí a fi ń da kọnkéré jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n. Ó ní a óò tún un dà lọ́la, ọjọ́ keje la óò fọ́ ọ, nítorí Alága ò ní dúró de ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Èmi fúnra mi ni mo bu gbogbo omi, fún onípupa, fún aláìlámì, ife kan náà fún gbogbo wọn. Èmi náà ni mo máàkì, lójoojúmọ́.

A fọ́ wọn lónìí. Àwọn onípupa ṣì ló borí. Mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ju àwọn tó kù lọ.

Mẹ́jọ. Ọdún méje, èèpo pákí tó lè kún ilé kan, mẹ́jọ. Tínrín sì ń jó! Ó ní, “Òótọ́ ni, Mà. Ó kéré, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.” Ọkùnrin yìí, n ò tíì rí irú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Tínrín pe Alága lórí fóònù, mo ń gbọ́. Ó ní kí wọ́n dákun da àpò mẹ́ta pé pérépéré, kí wọ́n fi gráfíìnì sí i tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n má yọ síméǹtì kankan. Alága ní, “Mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún? Ṣé ohun tí n óò lọ sọ ní rédíò nìyẹn?” Ó wá ní ìrẹ̀lẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń bá Tínrín jà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa da kọnkéré, àpò méjì-méjì. Ó ti sọ ọ́ fún ọba, ọba ò sì ní gbọ́ pé òun yí i padà.

Ìwé kúẹ́rì láti ọ́fíìsì ọ̀gá wa dé sórí tábìlì mi lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí èsì tí mo fọwọ́ sí ṣe yí padà.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Mo gun ọ̀kadà lọ sí odò Àlápà. Awóyẹmí ni bírìkìlà wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo fà á lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Ó wá ní, “Ìwé tí Alága fi ránṣẹ́ pé ká da méjì-méjì yẹn? Ìyàwó mi ti fi dáná. Mẹ́ta ni bàbá mi kọ́ mi, mẹ́ta ni mo dà láti àárọ̀.” Mo ní níbo lo ti rí síméǹtì tó lé? Ó fi ẹnu júwe àwọn àpò tó kù nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní síméǹtì òpó tí wọ́n fẹ́ lẹ àwòrán Alága mọ́ ni. Òpó náà á kúrú díẹ̀.

Ó da ìyẹ̀fun gráfíìnì Tínrín sí i náà. Ó ní kò kúkú pa nǹkan lára.

Mo rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, iṣẹ́ oòjọ́ òun ni. Mo ṣèlérí fún un. Kíá ni mo ṣèlérí.

Ajé, 21 Oṣù Kẹrin

Ajé Àjíǹde. Wọ́n ṣí afárá.

Ọkọ̀ akóṣu mẹ́ta gba orí rẹ̀ kọjá, ẹrù kún wọn, afárá ò mira. Wọ́n hó yèè. Wọn ò pe Tínrín. Alága gba máíkì, ó ní gbogbo ayé ti fojú rí i báyìí: síméǹtì díẹ̀, gráfíìnì ló gbé e dúró. Mo wo Awóyẹmí. Awóyẹmí ń rẹ́rìn-ín sínú fìlà rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ló kù tí irọ́ yẹn lè ṣe níbi? Afárá ti dúró.

Ni obìnrin kan bá dìde. Ó ní òun ni Èyítáyọ̀, ọ̀gá iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsánlú-Ìsin. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀. Ó ní àwọn gbọ́ ti rédíò, ṣùgbọ́n bírìkìlà àwọn ń ṣiyèméjì, ìyẹn lòun ṣe fẹsẹ̀ ara òun wá wò ó. Ní báyìí tóun ti rí i, Ọjọ́bọ̀ làwọn máa da dẹ́kì kíláàsì tuntun, àpò méjì-méjì. Kíláàsì mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ọmọ igba. Alága ní, “Ẹ ti fojú ara yín rí i, ẹ má fòyà.”

Mo tún wo Awóyẹmí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo dìde. Wọ́n rò pé mo fẹ́ gbàdúrà, wọ́n fún mi ní máíkì. Mo ní gráfíìnì dára, ṣùgbọ́n ipá tirẹ̀ kéré. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo máàkì, irọ́ ni. Mo ní omi ló jẹ́ káwọn onípupa borí. Mo ní afárá tí wọ́n dúró lé yìí, àpò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n pa máíkì níbẹ̀. Mo fi ẹnu lásán parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alága ṣì ń rẹ́rìn-ín sí onífọ́tò, kò mọ bó ṣe máa dá a dúró. Awóyẹmí kọjá níwájú mi. Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Obìnrin Ìsánlú-Ìsin nìkan ló wá bá mi. Ó ṣí báàgì, ó wá báírò títí, ó rí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mélòó ni kí wọ́n dà?”

Mo ní mẹ́ta.

Ó kọ ọ́, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.