Omi Kànga Ìyá Brekke: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Orvin Halvard Stensrud

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ẹ kú òtútù, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí yìnyín dá yín dúró.

A bí bàbá wa, Orvin Halvard Stensrud, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1938, ní oko àwọn òbí rẹ̀, Halvard àti Borghild, lẹ́bàá ìlú Vangdal ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ní ọdún 1952 ó jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ Luther yìí.

Ó gbé ìyá wa, Lavonne Rud, níyàwó ní ọdún 1961. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ilé epo bẹntiróòlù sí oríta etí ìlú. Ní àràárọ̀ ni bàbá máa ń ki ọ̀pá onígi bọ inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ láti wo ibi tí epo dé. Ní ìgbà òtútù ọdún 1990, ọ̀pá fi hàn pé epo ń dín ju èyí tí wọ́n ń tà lọ. Òtútù a máa mú kí epo sún kì; gbogbo onílé epo agbègbè yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Òtútù ni," ni bàbá ń sọ. Yìnyín yọ́ tán, koríko hù, bàbá ṣì ń sọ pé òtútù ni.

Ìyá Arlys Brekke, opó tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ló gbé ife omi kànga rẹ̀ wá.

"Orvin, gbóòórùn èyí. Ṣé òtútù náà nìyí?"

Táǹkì ti lu. Wọ́n hú u jáde ní ọdún 1992, ṣùgbọ́n epo ti wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbẹ́ kànga tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá láti máa fi yẹ omi wò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀, tí ń fa òórùn epo jáde. Wọ́n ní ọdún márùn-ún ni omi yóò fi mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ló gbà.

Bàbá kò pa ìsìn jẹ. Ní Kérésì kan, ẹnìkan pariwo pé, "Orvin, jìnnà sí àbẹ́là o, kí o má dáná sun wá!" Ìjọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó tó kẹ́yìn ló ń jókòó sí, òun nìkan.

Ìyá wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 1996. A pe bàbá pé, "Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Seattle." Ó dáhùn pé, "Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀?" Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń gbé omi mímu lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Brekke. Á kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á dúró díẹ̀, á sì kó ike òfìfo padà sílé. Ìyá Brekke kò ṣílẹ̀kùn fún un rí. Àwa ọmọ rẹ̀ pàápàá kò wá wò ó tó bó ti yẹ. A jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín.

Bàbá sùn lọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2022. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, lẹ́tà ìjọba dé: omi gbogbo kànga ti mọ́, ti Ìyá Brekke pẹ̀lú, ó ṣeé mu. A mú lẹ́tà náà lọ fún Ìyá Brekke. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé Orvin rí i?"

"Rárá, mà."

Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n ní, "Ẹ má ra omi ìsìnkú. Kànga mi ni ẹ ó ti pọn omi kọfí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ mu ún."

Bàbá fi ọmọ méjì sílẹ̀, Karin àti Lowell, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Britta, Soren àti Maja.

Lẹ́yìn ìsìn, kọfí wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Brekke ló ń bù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu.

Bàbá, ẹ sinmi lẹ́bàá omi dídákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, Olúwa kò ní fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan. Ẹnìkan yóò ṣílẹ̀kùn fún yín nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè. Àmín.