Ìròyìn Ẹ̀yìn Kàlẹ́ńdà

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá, 2025

Inú mi dùn débi pé ìdúró ni mo fi ń kọ èyí. Johnson, káńsílọ̀ wa, yà sí ṣọ́ọ̀bù Nàfísátù láàárọ̀ yìí. Nàfísátù aránṣọ, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa — Àlùmọ́gàjí, ìyẹn sísọ́ọ̀sì, ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí ẹnu rẹ̀ mú. Johnson ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti wọ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Tiwa. Níbí, ní Ilo-Awela. Kò ní í sí aboyún tí yóò máa gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tà pẹ̀lú ìrọbí mọ́.

Àlùmọ́gàjí ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ tètè lọ kọ ọ́, kí n má baà máa ké kiri òpópónà." Mo sáré. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, mo sáré.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ni pátákó ìròyìn wa wà. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo ń kọ ìròyìn sí. Àwọn iléeṣẹ́ ní Sango máa ń fún òṣìṣẹ́ wọn ní kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún. Bí ọdún bá ti parí, wọ́n á kó o wá fún mi. Ó funfun, ó le, ìrì kì í tètè bà á jẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ tòní kò lè dúró de Ajé.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ènìyàn mọ́kànlélógún ló dúró kà á kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọlọ́kadà kan kà á sókè fún èrò tó gbé sẹ́yìn.

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Johnson padà wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ yóò kọ́lé, ṣùgbọ́n kò ní í ra ilẹ̀. Kí àdúgbò mú ìwé wá pé ẹnì kan fún wọn nílẹ̀, kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá sí ìwé, ó di ti àdúgbò mìíràn.

Gbogbo wa wo pápá Àmọ̀dá, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé olóògbé Àmọ̀dá fún wa nílẹ̀ yẹn fún ilé ìwòsàn. Rauf ọmọ rẹ̀ kò ṣe agídí. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, bí bàbá mi bá fún yín, ẹ fi ìwé hàn mí. Àwọn àbúrò mi fẹ́ tà á. Mi ò lè fi ẹnu lásán dá wọn dúró."

Hàlímọ̀tù oníbúrẹ́dì dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n lọ bi Oyèwọlé Ajẹlẹ̀, alága àtijọ́ tó jẹ ilẹ̀ wa. Òun ló mọ ibi tó gbé ìwé náà tà sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Ìwé náà wà nínú àpótí mi.

Ọdún 1999. A dìbò yan alága. Oyèwọlé fi ìbò mẹ́rin borí mi. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Lóṣù kan náà ni Àmọ̀dá buwọ́ lùwé ilẹ̀ fún ilé ìwòsàn tí ìjọba fẹ́ kọ́ nígbà náà, ó ní kí n fi lé alága lọ́wọ́. Mi ò fi lé e lọ́wọ́. Oṣù kan péré ni mo pète: kí ojú tì í níwájú ìjọba, kí n wá "rí" ìwé, kí ayé mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Àmọ̀dá kú. Kí oṣù tó parí, ilé ìwòsàn ti lọ síbòmíràn. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní mo ti fún alága. Oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi mí sórí àga rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣí àpótí. Ó wà níbẹ̀. Mo tún tì í.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé e fún Àlùmọ́gàjí. Mo ní inú fáìlì àtijọ́ ẹgbẹ́ ni mo ti rí i. Ó ju téèpù ìwọnra rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi láàárín ègé aṣọ. Kí wọ́n tó kírun àṣárì, gbogbo òpópónà ti gbọ́. Rauf wá. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi ìbuwọ́lù. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí." Àwọn àbúrò rẹ̀ gbà. Johnson ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀tà lójú ẹsẹ̀. Hàlímọ̀tù fún mi ní odidi búrẹ́dì, ó ní bàbá tó ń tọ́jú nǹkan ni mí.

Mi ò ní í purọ́ síbí: orí mi wú. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tuntun, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Mi ò ro èyí.

Fáìlì àtijọ́ yẹn, Oyèwọlé ló kó o sílẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀bi rẹ̀ tún di ọ̀tun. Ní ìdí ẹ̀rọ omi, Ẹfúnróyè ìyàwó rẹ̀ wá pọnmi — ìdájí ló máa ń wá, kó tó di pé èrò pọ̀, àmọ́ lónìí ó pẹ́. Hàlímọ̀tù sọ ọ́ sí i létí: "Ìyá, ọkọ yín kò tilẹ̀ tà á. Ó kàn fi í pa mọ́ fún wa ni. Ìwà burúkú gbáà." Ẹfúnróyè gbé kẹ́ẹ̀gì tí kò tíì kún, ó lọ.

Mo pàdé Oyèwọlé lọ́sàn-án. Bó ti máa ń kí mi náà ló kí mi: "Ẹ kú ọ̀sán, sà." Bí ẹni ń kí àlejò. A ti jọ jẹun nínú àwo kan rí.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Búrẹ́dì Hàlímọ̀tù ṣì wà lórí tábìlì. Ó ti ń bu.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Àlùmọ́gàjí. Gbogbo rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò wò mí.

Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á ní ìwé náà kò dájú. Fáìzàh àbúrò mi á bímọ lóṣù kejìlá. Kí òun jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tà."

Ohun tí mo sọ fún ara mi ní 1999 náà nìyẹn: ó di ìgbà díẹ̀ sí i. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Ó dáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Èmi ni mo máa pè yín jáde."

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ ọ́. Lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo dúró sọ ọ́. Rauf ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ló buwọ́ lu ìwé. Ẹni tó jí i pa mọ́ kò yí ìyẹn padà." Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa.

Hàlímọ̀tù kò gbójú sókè. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n fi ẹnu mi gún obìnrin yẹn ní ìdí ẹ̀rọ omi." Ẹfúnróyè wà lẹ́yìn, ó gbọ́. Òun ló wá sọ pé, "Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ojú pátákó ni ọkọ mi ti máa ń ka ìròyìn. Kì í wá sí ìpàdé mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀dí."

Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé kàlẹ́ńdà jáde láago mẹ́fà ààbọ̀. Ìròyìn méjì. Èkíní: àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ìwé ti wọlé ní Ọ̀tà! Èkejì ni mo kọ báyìí: "Oyèwọlé kò ta ìwé ilẹ̀, kò sì fi í pa mọ́. Èmi, Ayọ̀rìndé, ni mo jí i, tí mo sì purọ́ mọ́ ọn. Ó lé ní ogún ọdún tí ẹ ti ń pè é ní Ajẹlẹ̀ nítorí mi."

Oyèwọlé dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún un kà. Ó wá fi ìka lé ìlà tó kẹ́yìn.

"Ayọ̀rìndé. Ìwọ tó o kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. 'Ó lé ní ogún' kẹ̀? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́jọ."

Mo fa ìlà sí i nínú, mo kọ ọ́ bó ti pè é. Ó dúró títí mo fi kọ "mẹ́jọ" tán. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, níbi tí èrò ti pọ̀.

Hàlímọ̀tù sún kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ bọ́ síwájú."

"Rárá," ni Oyèwọlé wí. "Mo fẹ́ tò pẹ̀lú yín." Ó sì tò.