Ìkòkò Tí Kì Í Hó

Ọmọ mi,

Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ìyàwó ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lálọ, á máa ṣọ́ ọ lábọ̀. Bí o bá darúgbó, àwọn ọmọ tìrẹ á máa wá wò ọ́.

Ara tèmi le. Ìyá kékeré rẹ, àbúrò mi, ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe fi ìkòkò oníná kan ránṣẹ́ sí i, ojú mi sì rí màbo. Ó gbé e sí pálọ̀ tí a jọ ń lò, ó fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo jowú.

Ìkòkò ọ̀hún kì í hó, ó kàn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látàárọ̀ dalẹ́ ni. Ìyá kékeré rẹ da ẹ̀wà pupa òyìnbó, èyí tó tóbi tó rí bíi kíndìnrín, sí i láìrẹ ẹ́ sómi, ó ní ìkòkò ọmọ òun mọṣẹ́. Kò bù fún mi. Kò pẹ́ tó jẹun tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì dé, ó ní májèlé wà nínú irú ẹ̀wà pupa yẹn, pé ńṣe là ń rẹ ẹ́ mọ́jú, ká da omi rẹ̀ nù, ká wá sè é kó hó dáadáa. Pé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán tún ń mú kí májèlé náà le sí i. Ó ní òun fẹ́ fi fóònù ya fọ́tò ìkòkò náà, kí òun lè fi kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Mo yáa bá wọn nù ún, torí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ó yẹ kó bọ́jú.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ ti dé, ó ń fi ṣíbí fún un lómi oníyọ̀ àti ṣúgà. Àbúrò mi ń wò mí látorí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọmọ náà ò tíì lọ. Èmi tí mo mọ ẹ̀wà sè, èmi nìkan ni mò ń dá jẹun.

Jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀, kí o sì ra irú ìkòkò yẹn fún mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Má fi rán ẹnikẹ́ni o, gbé e wá fúnra rẹ. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, fi í sílẹ̀, kí o sáà máa bọ̀. Àárò rẹ ń sọ mí.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí nǹkan kan ò tíì ṣe.