Ẹ̀rín Inú Àpò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Apá tuntun dé. Alága Ariwo tún kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀: "Fi ẹ̀rín sí i. Púpọ̀." Alága Ariwo ni ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi láéláé.

Iṣẹ́ mi rèé: eré àwàdà á dé sórí kọ̀ǹpútà mi ní gbígbẹ, èmi á wá máa fi ẹ̀rín àwọn èèyàn tí kò wo eré náà rí sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé á gbọ́, wọ́n á rò pé gbogbo ayé ló ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà á dara pọ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Bàbá mi wà nínú apá yìí. Iṣẹ́ àwàdà ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ní báyìí tí orúnkún ti ń dùn wọ́n, ipa kékeré kan ló kù fún wọn, ti bàbá arúgbó tó máa ń yọjú sáàárín eré. Alága ní bí ti ọ̀tẹ̀ yìí kò bá "gbé", àwọn á yọ bàbá arúgbó kúrò. Ó sọ ọ́ lójú mi, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo wo ti Bàbá. Bàbá arúgbó lọ ya fọ́tò tí àwọn ọmọ máa lò níbi ìsìnkú rẹ̀. Onífọ́tò ní kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ̀. Onífọ́tò yà á tán, ó ní, "Bàbá, ẹ padà wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì." Bàbá ti ń dé fìlà, wọ́n ti kẹ̀yìn sí i: "Bí mo bá lè fẹsẹ̀ ara mi wá gbà á, a jẹ́ pé n ò tíì nílò ẹ̀ nìyẹn." Wọ́n ti jáde. Onífọ́tò ń pariwo tẹ̀ lé wọn pé wọ́n gbàgbé ọ̀pá.

Kò sí àyè kankan fún ẹ̀rín níbẹ̀. Àwọn òṣèré yòókù, bí wọ́n bá dápàárá tán, wọ́n á dúró, wọ́n á la ojú sílẹ̀, wọ́n á máa retí ẹ̀rín mi bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Bàbá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí mo bá da ẹ̀rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rín á bò ó mọ́lẹ̀.

Ó dára. Mo kọ ọ́ síbí, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú: ó dára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo tú Àpò Ẹ̀rín wò látòkèdélẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kó gbogbo ẹ̀rín wa sí, gbọ̀ngàn àtijọ́ kan ni wọ́n ti ká a sílẹ̀ kí n tó gbọ́n. Agbo wà níbẹ̀ — gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan náà, gbàà! Oníkọ́ wà níbẹ̀ — ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Alága fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, kò sí apá tí Oníkọ́ kì í sí.

Àti Ará Ẹ̀yìn. Tèmi nìyẹn. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín tán, gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, ẹyọ kan péré: "Há!" N kì í sábà lò ó. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń lò nílòkulò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Èmi àti Adájọ́ jà. Ọkọ mi ni Adájọ́, torí pé òun ló dá a lẹ́jọ́ pé kò sẹ́ni tó lè dájọ́ eré. Ó ń wo ètò àwọn tó ń já sínú ẹrẹ̀, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo pòṣé. Ó ní kí ló dé. Mo ní nǹkan burúkú ló ń wò. Ó ní, "Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Tó bá dùn mọ́ mi, ó dára nìyẹn."

Mo ní ó dùn mọ́ni lọ́tọ̀, ó dára lọ́tọ̀. Káfíńtà ni, mo bá bi í: bí oníbàárà bá ń yin àga tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn, tí àga ọ̀hún ń mì, ṣé kì í pòṣé délé ni? Ó ní, "Àga tó bá ṣubú, ẹni tó jókòó lé e ni ìdí ẹ̀ á ro. Àwàdà tó ṣubú ńkọ́, ìdí ta ló ń ro?"

"Tèmi!"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ká ní bàbá ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, ṣé màá jà tó báyìí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gbé eré náà lọ sọ́dọ̀ onídìrí mi nínú fóònù, láìsí ẹ̀rín kankan. N kò sọ ẹni tí bàbá yẹn jẹ́ fún wọn. Oníbàárà kan ní irú bàbá wo lèyí, ó fẹ́ fi epè ṣeré ni? Èkejì ti ń wo fóònù tirẹ̀. Onídìrí ń ya irun lọ, ojú rẹ̀ ò yí padà. Ojú tì mí bí ẹni tó mú ẹran rírà wá síbi àsè.

Ó wá kan fífọ irun mi. Orí mi wà nínú básíà, omi ti dé etí mi, mo bá gbọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Bó bá lè fẹsẹ̀ ẹ̀ wá gbà á!" Ẹ̀rín pa á, ọṣẹ wọ̀ mí lójú, ó ń bẹ̀ mí, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan péré nínú gbogbo wọn, eré sì ti parí tipẹ́. Adájọ́ á ní: ṣé o rí i, oníkálukú ló ní ohun tó wù ú. Èmi ní: àwọn yòókù kò tíì dé ni.

Àmọ́ mo délé, mo tún bi ara mi. Bí kì í bá ṣe Bàbá ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Alága: "Ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì." Mo mi orí bí alángbá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ṣe é. Mo fi Ará Ẹ̀yìn sí i, lẹ́yìn tí Bàbá ti jáde, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀pá. "Há!" Ó bá a mu bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Alága gbọ́ ọ, ó fọwọ́ lu tábìlì: "Ó gbé! Ẹ ò rí i? Bàbá dúró!"

Iṣẹ́ Bàbá kò bọ́ mọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá



Mo gbé e lọ bá Bàbá ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ti bọ́ sí i. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n bọ́ awò ojú.

"Níbo lo ti rí ìyá ẹ?"

Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rá. N kò mọ ohùn wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ohùn wọn wà lábẹ́ ìka mi, mo ń pè wọ́n ní Ará Ẹ̀yìn.

Mo sunkún. Bàbá jẹ́ kí n sun ún tán. Wọ́n ní ìyá mi máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jókòó sẹ́yìn. Mo wá gba Oníkọ́ láyè kí wọ́n gbọ́. Ojú tì wọ́n díẹ̀.

"Èmi nìyẹn. Ṣé ẹ̀rín lẹ pe ìyẹn? Ikọ́ ni. Ìlara ló há mi lọ́fun."

Kì í ṣe Bàbá ló wà lórí ìtàgé lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀tá wọn ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu Ṣúgà. Bàbá jókòó ti ìyá mi, wọ́n ń gbàdúrà kó ṣìnà. Ni ìyá mi bá rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tí kì í fún ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀rín ọ̀fẹ́, tó máa ń sọ fún wọn nínú ilé pé, "Ti òní ò dùn, ẹ lọ tún un ṣe."

Mo ní ṣé inú bí wọn sí i.

"Inú bí mi fún oṣù kan. Àmọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn dára. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, ó sì dára. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?"

Mo jókòó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wá ohun tí màá sọ fún Adájọ́, òun nìyẹn lẹ́nu Bàbá. Bí èèyàn bá lè kórìíra ẹni kan kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì dára, èèyàn lè fẹ́ràn ẹni kan kí tirẹ̀ náà dára.

Bàbá ní kí n yọ ọ́. "Ẹlòmíì ló fi ẹ̀rín yẹn yìn. N ò ní jí i." Mo ní wọ́n á lé wọn. "Kí wọ́n lé mi. Ìwọ ńkọ́, ṣé o rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

N kò lè purọ́ fún wọn. Mo ní rárá, sà.

"Mo mọ̀. Àyà ẹ ló ń já nítorí mi, o ò gbọ́ eré."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo yọ ọ́. Kò sí Agbo, kò sí Oníkọ́, kò sí ìyá mi. Mo fi í ránṣẹ́ nígbà tí kò sí àyè àtúnṣe mọ́. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n gbé e jáde. Àwa mẹ́ta la wò ó ní pálọ̀. Nígbà tó kan Bàbá, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́, àfi ẹsẹ̀ wọn lórí pákó àti igbe onífọ́tò. Bàbá ń wo ara wọn bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó ní, "Kò pa mí lẹ́rìn-ín o. Àmọ́ àga yẹn ò mì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Alága bú mi níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní àwọn èèyàn ń pè pé ohùn bàjẹ́. Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó pè nípa bàbá arúgbó? Ó ní ẹnì kan pè, onítọ̀hún ní ó dùn mọ́ òun, òun tún un wò. "Ẹnì kan!" Mo ní ẹnì kan tó tún un wò ju ẹgbẹ̀rún tí a fi ìgbọ̀nwọ́ gún kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín lọ.

Wọ́n yọ Bàbá. Wọ́n gbé èmi lọ síbi ìpolówó ọṣẹ. Ó ní, "Ta ni ọ́ tó o fi máa sọ ohun tó dára fún wa?" Mo ní èmi ni mo ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin ń ka orí ni. Mo kó ẹrù mi. N kò tọrọ àforíjì, n kò sì ní tọrọ ẹ̀ láéláé.

Mo wí fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín." Wọ́n padà sídìí ìwé ìròyìn wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọṣẹ látàárọ̀. Bí mo ṣe délé, alágbàfọ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀wù Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí wọ́n wá gbà á lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo ní kò burú. Mo pa fóònù. Mo bọ́ bàtà kan. Ó wá dé bá mi níbẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan, fìlà, ilẹ̀kùn, bí mo bá lè fẹsẹ̀ ara mi —

"Há!"

Ẹyọ kan péré. Èmi fúnra mi gbọ́ ọ, ara mi sì bù máṣọ. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gé e, tí mo ń lẹ̀ ẹ́.

Ní yàrá ẹ̀yìn, ìwé ìròyìn dákẹ́. Nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà.

"O pẹ́ kó o tó dé."

Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo ní ẹ̀yìn ni mo jókòó sí.