Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Yọ Sí Rísíkátù?

Màmá mi, ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ mí,

Àjíǹde ni pé kí ẹni tó ti kú dìde, kó máa rìn, kó máa jẹun, kó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ lórúkọ. Ó ju pé à ń rántí ẹni náà lọ. Ohun tí àwa Kristẹni gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí Jésù nìyẹn, òun náà la sì ń retí fún àwọn òkú wa. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo kàn fẹ́ kó kọ́kọ́ yé èmi fúnra mi, bí mo ṣe máa ń fi àwòrán ojú ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn mi kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn.

Ọdún Àjíǹde àkọ́kọ́ tí ẹ ò sí nílé nìyí. Ìlú ò fararọ, Màmá. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, gbogbo nǹkan ti wọ́n gógó. Kódà ìwọ́de ìdájí tí a fi ń kéde káàkiri Ìgbéìn, àdúgbò wa, pé Jésù ti jíǹde, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere la tó jáde, nítorí ẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ìlara ló ń dà mí láàmú jù. Lọ́jọ́ Sátidé, Rísíkátù pè mí lórí fóònù láti ọjà Ìtòkú. Ọmọ Mùsùlùmí tí ẹ kọ́ ní àdìrẹ, tó dàgbà sí ìdí ìkòkò aró yín. Ó ní òun rí yín lójú àlá. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní aláìsàn kan ń dúró dè mí. Kò sí aláìsàn kankan.

Kí ló dé, Màmá? Ṣebí èmi lẹ bí? Iṣẹ́ mi ni kí n la ojú àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè ríran, síbẹ̀ n kò tíì fojú kàn yín lójú àlá láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Mo tilẹ̀ lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, mo fi ìró yín tó ṣì ń rùn fún aró bora. N kò lá àlá kankan.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n ka ìtàn àwọn obìnrin tó bá ibojì lófìfo. Mo jowú àwọn náà. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dúró ti ibojì yín lẹ́yìnkùlé. Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ dì pa. Kò sí áńgẹ́lì níbẹ̀, àfi aláǹgbá kan tó ń mirí.

Ibẹ̀ ni mo ti rò ó. Màríà Magidalénì ni Jésù kọ́kọ́ yọ sí. Ní gbogbo ibi tí mo kà dé, n kò rí ibi tí wọ́n ti ní ó yọ sí ìyá tó bí i. Ṣé ó dun ìyá náà? Ṣé òun náà jowú? Ẹni tó rí i ló rán pé kó lọ sọ fún àwọn yòókù. Ẹnu ẹlòmíràn ni gbogbo àwa tó kù ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti dá Màríà lóhùn bí mo ṣe dá Rísíkátù lóhùn, inú ọgbà tí ibojì Jésù wà ni ìròyìn náà ì bá parí sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ìjọ lọ sí ‘Gálílì’, bí a ṣe ń pe pápá tí a ti ń ṣeré ọdún Àjíǹde, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìtòkú. Rísíkátù ń ká aṣọ. Ó béèrè bóyá aláìsàn mi ọjọ́sí ti gbádùn. Ojú tì mí, a jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní lójú àlá náà, ẹ ká apá aṣọ sókè nídìí ìkòkò aró, ẹ ò tilẹ̀ kí òun.

“Wọ́n kàn ní, ‘Rísíkátù, ṣé ọmọ mi ti jẹun?’”

Màmá, n kò tíì jẹun. Ó ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, a jọ jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín. Mo rántí pé létí òkun Gálílì, Jésù náà bi àwọn tirẹ̀ bóyá wọ́n ní nǹkan láti jẹ, ẹja ló sì yan fún wọn.

Ìlara mi kò tíì tán o. Ẹ ṣì lè yọ sí mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn àbúrò mi: bí ẹnikẹ́ni bá ní òun rí yín lójú àlá, kí wọ́n má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Kí wọ́n fún un ní ìjókòó, kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kí wọ́n sì béèrè bóyá òun náà ti jẹun.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ti jẹun.