A, B, D Tí Mo Kọ́ Bàbá Rẹ Nítorí Láísẹ́ǹsì

Ìkirè,
Ọjọ́ 18, oṣù kẹwàá, 1954.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí o sọnù síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí o fi ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, òun náà ni wàá fi máa wọlé. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Ẹ̀kọ́ àgbà tí Tíṣà Moses ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà mi kì í tọ́, kí o má fi mí rẹ́rìn-ín.

Kí n tó mú gègé, mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá ọ sọ̀rọ̀ lórí wáyà. O ní iṣẹ́ tí ò ń ṣe ni pé kí o máa so ohùn èèyàn mọ́ ohùn èèyàn lórí tẹlifóònù. Èmi wá rò ó pé wáyà tó gba ẹ̀bá ọ̀nà Gbọ̀ngán kọjá yìí, kò sí ibòmíràn tó ń lọ ju ọ̀dọ̀ rẹ lọ. Mo dúró lábẹ́ òpó rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, mo pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kí o bá wa bẹ ìjọba. Bí o bá gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn ohùn mi, bàbá rẹ nìyẹn, àwọn ni wọ́n dúró tì mí. N kò gbọ́ èsì, mo ní bóyá ò ń jẹun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Láti ìgbà tí mọ́tò ti dé ìlú wa, ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ọba ní Ìkirè níbí ni àwọn dírẹ́bà ti ń gba ìwé, Akọ̀wé Adépọ̀jù ló sì ń lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Bí bàbá rẹ bá lọ, wọn á kí ara wọn, wọn á béèrè ìyàwó, wọn á béèrè ọmọ, kòkó ńkọ́, òjò ńkọ́, kí Adépọ̀jù tó lu òǹtẹ̀ gbàà, ọdún kan nìyẹn. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹjọ tí akéde ọba lu agogo káàkiri pé ìjọba Ìbàdàn ti gba láísẹ́ǹsì kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, pé gbogbo dírẹ́bà ni yóò lọ sí Ìbàdàn lọ gba tuntun kí kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ìlú dàrú. Ìjọba ti gba láísẹ́ǹsì ni a gbọ́, a wá rò pé wọ́n ń bọ̀ wá gbà á nílé ni, bí wolé-wolé ṣe máa ń wọlé wo inú àmù. Mo fi ewé wé ìwé bàbá rẹ, mo tì í sáàárín dòdò tí mo ń tà, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni oníbàárà kan kò fi rà á lọ. Bàbá Gàrúbà ará Àpòmù, tó ní lọ́rì mẹ́ta, ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, nígbà tó máa hú u jáde, ikán ti jẹ ẹ́, òǹtẹ̀ nìkan ló kù. Àwọn kan ní lọ́rì fúnra rẹ̀ ni ìjọba fẹ́ gbà, àwọn kan ń béèrè pé ta ni yóò kó kòkó wa dé Gbọ̀ngán. Ohun tó ń dun àwọn àgbà jù ni pé ta ló mọ̀ wá ní Ìbàdàn? Níbí, Adépọ̀jù mọ ilé baba oníkálùkù.

Àṣíáwù dírẹ́bà ló kọ́kọ́ lọ. Ó dé, ó ní ìdánwò wà níbẹ̀ o, pé wọ́n lẹ ìwé funfun kan mọ́ ògiri, lẹ́tà ńláńlá ló wà lókè, kéékèèké wà nísàlẹ̀, èèyàn yóò dúró lókèèrè, ọ̀gá yóò máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i, èèyàn yóò máa dárúkọ rẹ̀. Orí mi wú. Ìdánwò ìwé kíkà kọ́ nìyẹn? Ohun tí Tíṣà Moses ń kọ́ wa gan-an ni. Àánú bàbá rẹ ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀, torí wọn kò wọ ilé ìwé rí, mo wá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ìyàwó wọn mọ̀wé.

Mo fi èédú kọ A, B, D sára ògiri ilé ìdáná. Bàbá rẹ kò wò ó. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ ba ògiri jẹ́, kí n máa pè é kí àwọn máa gbọ́. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n kí obìnrin máa kọ́ wọn níwèé. Ọjọ́ mẹ́ta péré, Fẹ́yìsetán, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti A dé Y láìṣi ọ̀kan, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ! Mo ń sọ fún gbogbo èèyàn ní gáréèjì pé ọpọlọ ọkọ mi pé ju tèmi lọ.

Bàbá rẹ ló wa lọ́rì lọ sí Ìbàdàn fúnra wọn, èmi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. O kò tíì mọ ìyẹn. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ní kí n máa bá àwọn jókòó síwájú, kí n máa sọ gbogbo ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà, pé ohùn mi ń mú ọ̀nà yá. Èmi á máa sọ ọ́, kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀ o, igi wó lápá òsì o, àwọn obìnrin ru ẹrù o. Sàlámọ̀tù tí a jọ ń ta dòdò a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìfẹ́ ti ń gun ìyá àgbà. Inú mi a máa dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a dé afárá Asejire, wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ kankan ń bọ̀ láti òdìkejì, mo ní kò sí, a sì kọjá.

Ọ̀gá tó ń yẹ àwọn dírẹ́bà wò kò dàgbà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé, mo dúró lójú fèrèsé. Ó na ọ̀pá sí lẹ́tà kan, bàbá rẹ gbé ohùn sókè bí ìgbà tí a bá ń ka Ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB, wọ́n kà á dé Y. Àwọn tó ń dúró bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tún na ọ̀pá sí òmíràn, bàbá rẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Mo wá wò ó, lẹ́tà tí ọ̀pá wà lórí rẹ̀ kì í ṣe A rárá, kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí mo mọ̀, ńṣe ló dà bí N tó dùbúlẹ̀. Mo ké láti ojú fèrèsé pé kí ọ̀gá jọ̀ọ́, ẹ̀bi mi ni, Tíṣà Moses kò tíì kọ́ wa ní ìyẹn, kí ó má fi jẹ ọkọ mi níyà.

Ó jáde wá bá mi. Ó kí mi dáadáa, ó sì béèrè ẹni tó wa ọkọ̀ tí a gbé wá. Mo ní bàbá rẹ ni, pé àwa méjèèjì la jọ máa ń wà á, èmi á máa sọ ọ̀nà, àwọn á máa yí ọwọ́. Mo fi ń yangàn ni, mo rò pé yóò ràn wá lọ́wọ́. Ọmọ náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìdánwò ojú ni, kì í ṣe ìdánwò ìwé, pé bàbá kò rí ìwé ara ògiri náà pàápàá, ká má tíì wá sọ lẹ́tà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní omi inú ojú ló ń pa ojú náà láti ẹ̀yìn, pé èyí tó ti lọ kò ní padà, ìwọ̀nba tó kù kò sì dájú pé yóò rí ọdún Àjíǹde. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì àtijọ́, wọn kò fún wa ní tuntun. Àṣíáwù ni a bẹ̀ tó wa lọ́rì padà sílé. Èmi àti bàbá rẹ jókòó sẹ́yìn lórí àwọn àpò kòkó òfìfo títí a fi dé Ìkirè.

Nílé ni wọ́n tó jẹ́wọ́. Wọ́n ní Adépọ̀jù mọ̀ láti ọdún méjì, pé torí àwọn gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà kan láìgba kọ́bọ̀ ni kò fi lè sọ pé òun kò ní lu òǹtẹ̀. Mo wá rántí ewúrẹ́ kan tí a pa ní Wásinmi nígbà ọyẹ́. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ èèyàn ńkọ́? Inú bí mi sí ìjọba, inú bí mi sí Adépọ̀jù, inú bí mi sí bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ara mi ni mo bínú sí jù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá wọn gbé, n kò mọ̀ pé wọn kò rí mi mọ́. Gbogbo ìlú ṣì ń ṣépè fún ìjọba, n kò lè bá wọn ṣe é mọ́, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé torí ojú nìkan ni wọ́n ṣe ń gbé mi jókòó síwájú. Wọ́n ní ojú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí n kò bá sí nínú ọkọ̀, kì í wu àwọn láti lọ síbì kankan. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Fẹ́yìsetán.

Kòkó ti pọ́n, lọ́rì wà lójú kan, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Àṣíáwù ní òun yóò máa wà á. Mo ti fẹ́ ní kí o fi owó ránṣẹ́ fún epo àti táyà, àti aṣọ òtútù fún bàbá rẹ, mo tilẹ̀ ti kọ iye rẹ̀ síbí kí n tó pa á rẹ́, wàá rí ibi tó dọ̀tí. Má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi wọ ọkọ̀ wá sílé. Lánàá, bàbá rẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ojú rẹ ṣì jọ ti ìyá wọn, bóyá èjí rẹ ṣì máa ń hàn bí o bá rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kò yí padà rárá. Irọ́ ni mo pa, ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní bí oòrùn bá mú dáadáa, tí èèyàn sì sún mọ́ àwọn pẹ́kípẹ́kí, àwọn ṣì ń rí ojú rẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ kò bá fẹ́ fún ọ láyè, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí ó tú wáyà náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn ará Èkó fẹsẹ̀ rìn lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. O kò ní pàdé agbako lọ́nà. Ohun rere tí ò ń wá ní Èkó yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìwọ ni wàá sin wá, a kò ní fojú sunkún rẹ.

Ọ̀sán ni kí o dé o. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí o tó wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébímpé.